Mo Jábọ̀ Pé Ara Bàbá Le

"Màmá, kí ló ń dún nínú yàrá yẹn?"

"Bàbá ni. Tẹ̀súbáà ni wọ́n ń fà."

"Tẹ̀súbáà a máa dún gbì-gbì báyẹn?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún wọn. Tí wọ́n bá ń fà á, ara ògiri ló ń bà."

"Ẹ jẹ́ n yọjú sí wọn, kó lè jẹ́ pé mo rí wọn."

"Tòún, jókòó. Ojú aboyún lo fẹ́ lọ fi wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́? Ohun tí ojú ìyá bá gbé, ara ọmọ ló máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí."

"Kí ni n ó wá sọ ní ọ́fíìsì?"

"Sọ ohun tó o máa ń sọ. Bàbá wà, ara wọn le, wọ́n ń sùn."

Mo jókòó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ìjókòó yẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín wà. Ẹnikẹ́ni kò dè mí mọ́ àga. Àga náà rọ̀, ó ti rẹ̀ mí, mo sì jókòó. Lẹ́yìn ògiri tí mo fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan ń pè mí.

Ọdún tí àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò gbọọrọ sí etí òkun Àpápá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Owó epo ti dé. Àwọn ọmọ tó lẹ́sẹ̀ ti lọ sí Wọ́rì, àwọn mìíràn ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì háyà èèyàn pé kó máa bá wọn wẹ bàbá, kó máa bá wọn fún ìyá lóúnjẹ. Nígbà tí iná jó ìyá arúgbó kan mọ́lé ní apá Ìgándò, tí olùtọ́jú rẹ̀ wà lọ́jà, kánsù ní wọn ò lè máa wò ó níran mọ́. Wọ́n gba àwa obìnrin mélòó kan sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, pé kí a máa wọ ilé kiri, kí a máa wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn arúgbó. Olùtọ́jú tí kò bá ṣe é dáadáa, a láṣẹ láti dá a dúró. Wolé-wolé arúgbó ni àwọn ará àdúgbò ń pè wá.

Òfin iṣẹ́ wa kò le. Ọ̀gá wa, Màdáàmù Ìbíyẹmí, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ló kọ́ wa.

"Ẹ má bi olùtọ́jú léèrè ohunkóhun kí ẹ tó wọ yàrá," ó ní. "Ẹ wọlé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yí arúgbó náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu a máa purọ́. Ẹ̀yìn kì í purọ́."

Ilé Bàbá wà lójú ọ̀nà Ìdímù sí Ìkọ̀tún, búńgálò tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì yí ká. Ràímì lorúkọ wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni wọ́n kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù wọ́n. Ó pa apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó wọ́ ẹnu wọn, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣàfíù ọmọ wọn, tó ń jó irin fún àwọn elépo ní Wọ́rì, ló kọ́ ilé náà fún wọn. Òun náà ló gba Matilda pé kó máa gbé ibẹ̀ tọ́jú wọn.

Matilda ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Opó ni, àgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀, mo máa ń wọ yàrá, mo máa ń yí Bàbá padà, ẹ̀yìn wọn a sì máa dán bí ẹ̀yìn ọmọ tuntun tí wọ́n fi òrí pa lára. Bàbá a fi ojú rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ fún Màdáàmù Ìbíyẹmí pé bí gbogbo olùtọ́jú bá dà bíi Matilda, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwa wolé-wolé.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé Matilda rí omi lójú mi lọ́jọ́ kan.

Mo ti wà nílé Báyọ̀dé ọkọ mi fún ọdún bíi mélòó kan láìbímọ. Dòpèmú là ń gbé, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá náà kì í bú mi. Tí mo bá ti ń múra àárọ̀, á kàn sọ fún ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ń lọ wo arúgbó ilé onílé. Èmi arúgbó inú ilé ò rí ọmọ gbé jó." Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi dé Ìdímù. Mo yí Bàbá padà tán, mo jáde sí pálọ̀, mo bú sẹ́kún.

Matilda ò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó ní, "Ọmọ ni, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ó gbàdúrà títí àbẹ́là tó tàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán, ó sì bu omi àdúrà fún mi mu. Bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé kúnlẹ̀ fún ẹni tó wá yẹ̀ wò. N kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé èèyàn kì í tètè dìde nírú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, oyún dúró. Nígbà tí dókítà sọ fún mi, n kò lọ sọ́dọ̀ Báyọ̀dé. Ìdímù ni mo wọkọ̀ lọ tààrà. Matilda jó yí pálọ̀ ká. Ó yọ píìnì lára sùtánà rẹ̀, ó fi sí mi láṣọ níbi ikùn, ó ní n kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán láìsí i. Lẹ́yìn náà ó lọ pa ilẹ̀kùn yàrá Bàbá dé.

"Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ wọbí mọ́."

"Màmá, iṣẹ́ mi mà ni."

"Ta ló ní kó o má ṣiṣẹ́? Jókòó sí pálọ̀, kó o béèrè, n ó sì dá ẹ lóhùn. Àbí o rò pé n ó purọ́ fún ẹ? Èmi tí mo bá ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì aboyún ń tọ́jú aláìsàn. Màdáàmù Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ bímọ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ kò wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ẹkún wá ọmọ kì í fi ọmọ náà dán ọ̀rọ̀ wò.

Kí n sì sọ òótọ́ tó kù. Òórùn yàrá kò bá ikùn mi mu mọ́, èébì ń gbé mi, àga pálọ̀ sì rọ̀. Ọ̀rọ̀ Matilda gba iṣẹ́ tó nira kúrò lọ́rùn mi, ó sì jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ mi ni mo ń ṣe é fún.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń dé, màá kí Matilda, á gbé nǹkan jíjẹ wá, á gbàdúrà sí mi níkùn, màá béèrè Bàbá. Bàbá wà, ara wọn le, wọ́n ń sùn. Màá gbé gbólóhùn yẹn lọ sí ọ́fíìsì bí mo ṣe gbà á, láìtú u wò.

Fóòmù tuntun kan wà ní pálọ̀ náà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e nàró ti ògiri. Ṣàfíù ló rà á ránṣẹ́ fún Bàbá. Mo máa ń gbé orí tì í. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló dé tí Bàbá kò sùn lórí rẹ̀. Matilda ní wọ́n á fi ìtọ̀ bà á jẹ́, pé tí Ṣàfíù bá ń bọ̀ wálé, òun á tẹ́ ẹ. Mo ní ọgbọ́n ni. Mo tún gbé orí tì í.

Ọkùnrin kan wà tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdì kejì ọ̀nà, Àmúsà lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún yẹn gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé, nítorí náà kì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan ó fi ṣọ́bìrì gún iyanrìn, ó pè mí.

"Àǹtí wolé-wolé, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ máa ń wọ ọ̀dọ̀ Bàbá dé inú?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kò sí. Bí ẹ bá ti lọ ṣá, Màmá náà á ti ilẹ̀kùn pa, á jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Bàbá á sì máa kan ògiri. Tí a bá dá ṣọ́bìrì dúró, à ń gbọ́ ọ níbí."

"O fojú ara ẹ rí i?"

"Ojú mi ló ń rí i tó ń jáde."

"Inú yàrá ni mo ń béèrè."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, èmi kọ́ ni kánsù rán wọnú ilé."

Inú bí mi. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Bí mo bá lọ wo Bàbá nígbà náà, ìtàn yìí ìbá yàtọ̀. Mo wọlé, mo sọ fún Matilda ohun tí Àmúsà sọ, mo sì sọ orúkọ rẹ̀. Matilda jáde tòun ti sùtánà, ó dúró láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tútù, ó sọ fún gbogbo ọ̀nà gbọ́ pé ilẹ̀ Bàbá ni Àmúsà ń lé, pé ó ń retí kí arúgbó kú kó lè rí ibi tó máa to búlọ́ọ̀kù sí. Àwọn tó ń kọjá dúró gbọ́. Ojú ferese ni mo ti ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń kọjá, kò kí mi mọ́.

Oyún mi ti ga nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ mi. Bọ́ọ̀sì tó gbé mi ti Ẹ̀gbẹ́dá bọ̀ ló bàjẹ́ nítòsí ibẹ̀, mo ní kí n yà mumi.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo ń gbọ́ gbì, gbì, gbì. Bí bàtà mi ṣe dún nínú àgbàlá, ó dáwọ́ dúró. Mo lọ sẹ́bàá ferese yàrá Bàbá. Pákó ferese náà wà ní títì.

"Bàbá?"

Gbì.

"Màmá ò sí nílé?"

Gbì.

"Ṣé wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún yín?"

Kò dún. Mo dúró. Kò dún.

"Bàbá, ṣé ara ń dùn yín ni?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń yára, kò dúró mọ́, títí mo fi fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Nígbà tí mo yíjú padà, Àmúsà ti dìde lẹ́bàá búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń wò mí, ó ń retí. Mo láṣẹ kánsù. Bí mo bá ní "já a," ilẹ̀kùn yẹn á ṣí.

Ọmọ inú mi sọ. Mo ní ìkìlọ̀ ni. Mo di píìnì aṣọ mi mú, mo sì rìn gba iwájú Àmúsà kọjá sójú títì.

Nígbà tí mo padà bi Matilda, ó sunkún. Ó ní òótọ́ ni. Òun ti gba arúgbó kan mọ́ Bàbá ní Ẹ̀gan, òun sì gba òmíràn ní Dòpèmú. Àwọn ọmọ wọn ló ń bẹ òun, kò sí olùtọ́jú mọ́ nílùú, gbogbo èèyàn ló ti lọ wá iṣẹ́ kọ́ńtíráátì. Òun máa ń wẹ Bàbá láàárọ̀, òun á gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó dáa, òun á wá jáde. Ó ní tóṣù bá parí òun á fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ó yẹ kí n sọ fún Màdáàmù."

Ó nu ojú. Ó ní, "Sọ fún wọn. Ọmọ tí Ọlọ́run gba ẹnu mi fún ẹ, bó o ṣe fẹ́ dúpẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Sọ fún wọn."

Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo sọ pé kó má sunkún mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, Màdáàmù Ìbíyẹmí béèrè gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí Ìdímù. Mo ní, "Bàbá wà, mà. Ara wọn le, wọ́n ń sùn." Ó wo ikùn mi, ó ní ọ̀nà Ìdímù ti ń jìn fún mi báyìí, kí òun fi Mary, ọ̀kan nínú àwa wolé-wolé, rọ́pò mi níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí fún mi nìyẹn. Mary á wọ yàrá. Mary ò lóyún, kò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni mo ṣe dáhùn kíá pé, "Rárá o, mà. Ilé yẹn ò ni mí lára rárá."

Oṣù parí. Matilda ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. N kò béèrè.

Ọ̀sán ni wọ́n ká wa mọ́. Mo wà lórí eékún, mo di ojú, iwájú orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀rá fóòmù. Ọwọ́ Matilda wà níkùn mi, ó ń gbàdúrà. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ dúró, mo rò pé ẹni tó fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ni. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo ní, "Àmín," kí n tó la ojú.

Ṣàfíù ló dúró níbẹ̀. Eruku ọ̀nà jíjìn wà ní fìlà rẹ̀. Màdáàmù Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kẹta dúró sí ìta, kò wọlé: Àmúsà. Òun ló fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ tó ń kó páìpù lọ sí Wọ́rì, Ṣàfíù sì ti kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì wa kó tó wá sílé.

"Ẹ parí àdúrà yín," Ṣàfíù ní. "A ò kánjú."

Matilda mú ọwọ́ kúrò níkùn mi.

Gbì. Gbì-gbì.

Màdáàmù Ìbíyẹmí gbé orí sókè. "Kí ló ń dún?"

Èmi lọ̀gá mi ń wò. Ẹnu mi sì dáhùn kí n tó rò ó. "Tẹ̀súbáà ni, mà. Bàbá ló ń fà á."

"Ara wọn ńkọ́?"

"Bàbá wà, mà. Ara wọn le."

"Ìgbà wo lo yí wọn padà gbẹ̀yìn?"

Mo wo Matilda. Matilda wo ilẹ̀.

"Ó dáa. Ìgbà wo lo rí wọn gbẹ̀yìn?"

"Mo máa ń gbọ́ wọn, mà."

Ṣàfíù ti na ọwọ́ sí fóòmù náà. Ó fi ìka kan fa ìlà sínú eruku tó wà lára ọ̀rá rẹ̀, ó wo ìka náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó wọlé. Mo gbọ́ tó pe "Bàbá mi" lẹ́ẹ̀kan, bí ọmọdé ṣe ń pè é. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Màdáàmù wọlé, ó jáde. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Tòún, wọlé."

"Màdáàmù, oyún tó wà lára mi—"

"Èmi náà gbé oyún wọ irú yàrá yìí. Wọlé lọ yí wọn padà, bí mo ṣe kọ́ ẹ."

Mo wọlé.

Òórùn ìsáàlì tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ bo òórùn kan tó burú jù ú lọ mọ́lẹ̀. Bàbá wà lórí ẹní. Kọ́ọ̀pù onírin kan wà lọ́wọ́ òsì wọn. Níbi tí ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ lè dé lára ògiri, ọ̀dà ti ṣí kúrò, sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò, wọ́n ti kàn án dé ara búlọ́ọ̀kù. Tẹ̀súbáà wọn wà lókè lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ferese, níbi tí ẹni tó nàró nìkan ti lè mú un. Aláǹtakùn ti ta sí i.

Mo fi ọwọ́ ara mi yí wọn padà. N kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí lẹ́yìn wọn. Mo rí funfun níbẹ̀, kì í sì í ṣe àtíkè.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò kúrò lójú mi títí di òní kì í ṣe egbò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Bàbá rí ikùn mi. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún wọn, wọ́n fi bo ẹnu tó wọ́ yẹn, wọ́n sì yí ojú sí ògiri, kí ojú aboyún má baà bọ́ sí i.

Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ohùn Matilda ní pálọ̀. Kò pariwo.

"Ẹ mú mi lọ síbi tó bá wù yín. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ bi í. Bó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rù ì bá bà mí, ǹ bá ti jókòó ti Bàbá. Ó mọ̀. Ó rí àgádágodo."

Màdáàmù Ìbíyẹmí wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. "O rí àgádágodo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí o tó wá sọ fún mi pé..." Ó yíjú kúrò lára mi.

Fóòmù náà tóbi ju ọkọ̀ Píjò tí Ṣàfíù gbé wá lọ. Ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Aṣọ ìbora ni òun àti Àmúsà fi gbé Bàbá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan di apá orí mú, èkejì di apá ẹsẹ̀. Mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Àmúsà ní kí n yà. Ó fi ẹsẹ̀ ṣí i.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́. Wọ́n yọ Matilda lẹ́nu iṣẹ́ olùtọ́jú, ìjọ rẹ̀ náà sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí i mọ́. Ẹ̀bi tèmi ni mo wá sọ níhìn-ín, kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ló ń ṣe, ó sì bà á jẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: kí n wò.

Mo bí obìnrin. Ẹnu rẹ̀ gún régé. Ìyá ọkọ mi gbé e jó dé ojúde, àwọn ará ilé ń yọ̀. Mo wo ẹnu ọmọ náà, mo sunkún, wọ́n ní ayọ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà olùtọ́jú fún òbí yín, ẹ máa yọjú lọ́jọ́ tí wọn ò retí yín. Ẹ̀yin tí ìjọba bá rán láti wolé, ẹ má jẹ àmàlà ilé tí ẹ wá wò, ẹ má gba àdúrà ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lọ dí yín lójú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣí, ẹ ṣí i. Èmi kò ṣí i.

Lẹ́yìn tí mo jáde ìkómọ tán tí ara mi sì ti mókun, mo pọn ọmọ mi, mo lọ sí Ìdímù láti bẹ̀bẹ̀. N kò tíì gbúròó kankan láti ọjọ́ náà. Ojú ń tì mí láti béèrè.

Ọkọ̀ Ṣàfíù wà níwájú ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá ti wà nínú búùtù. Ó ń kó agbádá àti fìlà wọn jáde, ó ń pín in fún àwọn aládùúgbò. Fóòmù náà wà nílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn ò tíì tú u. Ṣàfíù ní kí Àmúsà máa gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àmúsà gbé e rù, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó kí ọmọ ẹ̀yìn mi, kò kí mi.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Bùọ̀dá Ṣàfíù, ẹ jọ̀ọ́. Mo wá bẹ̀ yín."

Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé. Àgádágodo ọjọ́sí ni. Ó fà á wò bóyá ó ti há, ó sì rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó wo ọmọ náà títí. Oòrùn ń pa á lórí. Ó fa etí aṣọ ìpọnmọ mi sókè, ó fi bò ó.

"Bàbá ńkọ́?" mo ní.

Ó wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Mo rò pé kò ní dá mi lóhùn. Bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yọ orí lójú ferese.

"Ẹ lọ jábọ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì yín. Ẹ ní Bàbá wà, ara wọn le, wọ́n ń sùn."